Káńfọ̀ Inú Aṣọ Ọmọ Tuntun

  Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ àwọn onílé àti owó ilé la ó máa bá lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan dé tó gba oorun lójú mi. Ẹ jẹ́ kí onílé ṣì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Kò kúkú ní sá lọ, òpin oṣù ló ń retí.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ọmọ ọwọ́ ló ni lẹ́tà náà. Ẹnu ló fi sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Aṣọ òkìrìkà ló ń tà: fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀lù, gbogbo ohun tí aboyún fi ń kún àpótí kó tó dọjọ́ ìkúnlẹ̀. N ò ní dárúkọ ọjà rẹ̀, torí mo mọ àwọn kan nínú yín tí ẹ mọ òfófó tú ju ọlọ́pàá lọ. Ìyá yìí ní ó ti lé ní ogún ọdún tí òun ti ń tú béèlì. Kí aáyán àti kòkòrò má baà jẹ aṣọ, káńfọ̀ ló ń jù sáàárín wọn, bí ìyá tó bí i lọ́mọ ti ṣe títí tó fi kú.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà rẹ̀ kan padà wá. Kò wá rajà. Ọmọkùnrin tó pọ̀n sẹ́yìn ti pé oṣù mẹ́jọ, ọrùn rẹ̀ kò sì dúró. Obìnrin náà dúró síwájú ìsọ̀, ó pariwo: "Ìwọ lo ba ọmọ mi jẹ́! Dókítà béèrè lọ́wọ́ mi bóyá aṣọ ọmọ mi ní káńfọ̀ nínú. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti rà á!" Ọjà dàrú. Àwọn kan ń ṣépè fún ìyá oníṣọ yìí, àwọn kan ń sọ pé irọ́ ni, pé ta ni wọn ò fi aṣọ oníkáńfọ̀ wé nínú gbogbo wa? Ẹ jẹ́ kí n kọ apá kan nínú lẹ́tà rẹ̀ síbí bó ṣe wà:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Ọkọ ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní ó wà nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Èmi ò mọ̀wé. Ta ló kọ ọ́? Ṣé ilẹ̀ wa níbí ló ti kọ ọ́ ni àbí ilẹ̀ òyìnbó? Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe é, kí n mọ̀ pé èmi ni. Bí kì í bá ṣe èmi, ẹ bá mi sọ ọ́ síta. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó ń bá mi rajà ti ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí wọ́n bá ń kọjá."

Mo ka lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìdí ni pé ní ilé tèmi náà, òórùn káńfọ̀ ni òórùn ìkómọ. Ìyá ìyàwó mi ní àpótí onírin kan tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣí i, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ẹnìkan ti bímọ. Bí ẹnìkan bá wá sọ fún mi nígbà náà pé ohun tó wà nínú àpótí yẹn lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, n óò ní kó lọ sinmi.

Mo dìde, mo wá bàbá kan lọ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìkàwé àwọn dókítà. Mo rò pé ìwé ńlá kan ṣoṣo ni yóò gbé fún mi, tí n óò ṣí ojú ewé káńfọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń ṣiṣẹ́ kọ́ nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá ń ṣèwádìí a máa kọ ọ́ ní díẹ̀díẹ̀, ojú ewé mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́wàá. A fi ránṣẹ́ síbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, tí wọn yóò bá a jà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Tó bá di ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, orúkọ àwọn ìwé kéékèèké yẹn á ti gùn lọ rẹrẹ. Mo ní ó yé mi: káàdì alájọ ni. Àmì kan lójúmọ́ kan kò jọ nǹkan lójú, ẹni tó bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló ń mọ iye tó wà nílẹ̀. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, àfi pé nínú àjọ tiwọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dá a, àwọn tó kọ́kọ́ dá a ti kú, kò sì sẹ́ni tó ń kó o.

Kí n tó sọ ohun tó wà nínú káàdì náà, ẹ jẹ́ kí n sọ àìsàn ọ̀hún.

Ibà pọ́njú ọmọ tuntun la ń wí, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní jọ́ńdíìsì. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn ohun pupa kéékèèké kan wà tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Bí wọ́n bá gbó, wọn a fọ́, pàǹtírí wọn a sì kù. Pàǹtírí yẹn pọ́n bí ìyeyè, orúkọ tí wọ́n ń pè é ni bílírúbìnì. Ẹ̀dọ̀ ló ń gbá a dànù. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun dà bí ọmọọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìsọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì yá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń pọ́n díẹ̀ lójú ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, tí yóò sì lọ fúnra rẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Wàhálà dé nígbà tí pàǹtírí bá pọ̀ ju agbára agbálẹ̀ lọ. Nígbà náà ni yóò gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ.

Ní 1904, dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Schmorl yẹ òkú àwọn ọmọ tuntun kan wò, ó sì rí i pé àárín gbùngbùn ọpọlọ wọn ti pọ́n bí ìyeyè. Òun ló sọ ọ́ ní kernicterus, orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Ibi tí bílírúbìnì ń bà jẹ́ níbẹ̀ ni ibi tí ara ti ń gba àṣẹ bí yóò ṣe jókòó, bí yóò ṣe rìn, bí yóò ṣe di nǹkan mú. Ó sì tún máa ń ba ọ̀nà tí ìró ń gbà láti etí dé ọpọlọ jẹ́. Ohun tó ń dun ènìyàn jù ni pé ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ní làákàyè kó mọ ìyá rẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn, kó mọ ẹni tó fẹ́ràn òun àti ẹni tí kò fẹ́ràn òun, kí ẹnu rẹ̀ má sì lè sọ ọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ má lè tọ́ka sí i. Ẹ wá rántí iye irú wọn tí wọ́n ti pè ní ọmọ òrìṣà, tí wọ́n ní àjẹ́ ilé bàbá ló mú un, tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ ìyá wọn sílẹ̀.

Ó yá, káàdì alájọ dà?

Àmì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi sí i ní 1961. Gilles, òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà, òun àti Taylor, kọ ọ́ jáde pé àléébù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa kan ní Nàìjíríà. Èròjà kan ló ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí tó ń dáàbò bo àwọn ohun pupa yẹn kí wọ́n má baà tètè fọ́. G6PD ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ ní kúkúrú. Ẹni tí kò ní in tó kì í ṣàìsàn. Á jẹun, á ṣiṣẹ́, á darúgbó, kò sì ní mọ̀. Àfi bó bá pàdé ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́, ni ẹ̀jẹ̀ á bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wàràwàrà. Nígbà tó di 1963, ìwádìí mìíràn láti Ìbàdàn jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí wọ́n ń tẹ̀ ní London, tó so àléébù yìí mọ́ ibà pọ́njú ọmọ tuntun.

Ẹ má rò pé ènìyàn mélòó kan ló ní in o. Láàárín àwa Yorùbá, bí ẹ bá kó ọkùnrin márùn-ún jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnìkan nínú wọn ní in. Ọkùnrin ló ń hàn lára wọn jù, ọ̀dọ̀ ìyá ló sì ti ń bọ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má gbé ìjà dìde lórí gbólóhùn yẹn. Ìyá náà kò mọ̀ pé òun gbé e, ẹ̀jẹ̀ kan náà yìí ló sì ń gba àwọn tó ní in lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn, òun ló jẹ́ kó pọ̀ tó báyìí níbi tí ẹ̀fọn gbé pọ̀.

Àmì tó kan ìyá oníṣọ wa gan-an ni ti 1985. Familusi, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú àrùn ọpọlọ àti iṣan àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn, òun àti Dawodu, wọ́n kọ ìwádìí jáde nípa ibà pọ́njú ọmọ tuntun àti àwọn oògùn àti kẹ́míkà tí a ń lò nínú ilé ní Nàìjíríà. Ilé tiwa ni wọ́n yẹ̀ wò, àpótí tiwa, àwo ìpara tiwa. Ní 1989, Owa, olùkọ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Ifẹ̀, tún gbé tiẹ̀ jáde. Ohun mẹ́ta ló gbé sórí ìwọ̀n kan náà: ohun tí ọmọ bá pàdé nínú ilé, àléébù ẹ̀jẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àti ibà pọ́njú.

Nítorí náà, ìyá mi, èsì ìbéèrè yín kìíní nìyí. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n sì ti kọ ọ́, ọmọ wa ló kọ ọ́. Káńfọ̀ tí a ń jù sínú aṣọ, tí àwọn mìíràn ń pè ní káfúrà, òórùn rẹ̀ nìkan tó láti wọ ara ọmọ. Ọmọ ń mí i símú, awọ ara rẹ̀ tó ṣì rọ̀ ń fà á, bí a bá sì fi òróró pa á lára, awọ a túbọ̀ máa fà á. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà bá pé, ó lè má ṣe é ní nǹkan kan tí ojú lè rí. Bó bá jẹ́ pé G6PD rẹ̀ kò tó, ẹ̀jẹ̀ á máa fọ́, ìyeyè á máa gòkè. Àwọn ìpara àti pàúdà tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù, tó máa ń tutù lára yẹn, kò yẹ ká sún wọn mọ́ ọmọ tuntun.

Ìdí sì nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé "gbogbo yín la fi káńfọ̀ tọ́, kò sì sí nǹkan tó ṣe yín." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Mẹ́rin nínú márùn-ún ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹnìkarùn-ún kò sí níjókòó láti fèsì.

Ohun kan tún wà tí mo rò ó títí tó fi yé mi. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe ìyá ọmọ tuntun lọ́dọ̀ wa. Iyàrá ni, a fa aṣọ bo fèrèsé kí afẹ́fẹ́ má fẹ́ sí ọmọ, a wé e léwèé ṣọ́ọ̀lù, ó dọjọ́ kẹjọ kí ojú ọmọ tó rí ìta. Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún gan-an ni ibà pọ́njú ń gòkè jù. Ta ni yóò rí ìyeyè lójú ọmọ nínú òkùnkùn, lábẹ́ ṣọ́ọ̀lù oníkáńfọ̀? Nígbà tí ó bá fi máa di ọjọ́ ìkómọ, tí àwọn àlejò bá ń sọ pé ọmọ yìí mà pupa o, bí òyìnbó ló rí, inú ìyá á máa dùn.

Èyí kò wá ní jẹ́ kí n má sọ ti oòrùn, torí mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́nu yín ni: "Ṣebí oòrùn àárọ̀ ni wọ́n ń gbé ọmọ sí?" Ọ̀rọ̀ oòrùn yìí dùn ún gbọ́. Ní 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní ẹkùn Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì àgbà kan wà tó ń jẹ́ Jean Ward. Ó fẹ́ràn kó máa ti àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé jáde sínú oòrùn, pé inú yàrá kò dára fún wọn. Lọ́jọ́ kan ó pe àwọn dókítà pé kí wọ́n wá wo ọmọ kan. Ara ọmọ náà ti funfun, àfi ibì kan tó pọ́n bí ìyeyè. Wọ́n bi í pé kí ló fi kùn ún. Ó ní n kò fi nǹkan kan kùn ún, ibi tí aṣọ bò ni ibẹ̀ yẹn, oòrùn ló fọ ìyókù. Kò pẹ́ sígbà náà, wọ́n gbàgbé ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ oníbà pọ́njú kan sójú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n yóò fi wọ̀n ọ́n, ìyeyè inú rẹ̀ ti wálẹ̀. Dókítà Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iná kan tó dà bí oòrùn, wọ́n kọ ọ́ jáde nínú Lancet ní 1958. Ibẹ̀ ni iná búlúù tí wọ́n ń tan sórí ọmọ ní ilé ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀. Ojú nọ́ọ̀sì kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń ka ojú ìwé yìí fi ìyẹn sọ́kàn lọ́jọ́ tí dókítà bá bú yín.

Ṣùgbọ́n iná búlúù fẹ́ iná ìjọba, èyí tí a ṣì ń pè ní NẸ́PÀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé NẸ́PÀ ti kógbá sílé láti 2005. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi pọ́n, ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ní iná búlúù méjì. Ọ̀kan ti kú, èkejì kò rí ohun tí yóò jẹ. Bàbá ọmọ ló ń fi kẹ́ẹ̀gì ru epo bẹntiróòlù fún jẹnẹrétọ̀ wọn ní òru. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Ó ti ń kọ́ iṣẹ́ welder báyìí, ó sì lè pariwo jù ẹ̀rọ lọ.

Ibi tí iṣẹ́ àwọn tó wà láyé lónìí ti wọlé nìyí. Dókítà Bolajoko Olusanya, oníṣègùn ọmọdé ní Èkó, ti pẹ́ lẹ́nu ìwé kíkọ nípa àwọn ọmọ tí a bí tí ohun kan ti bà jẹ́ lára wọn kí ẹnikẹ́ni tó fura. Etí ló kọ́kọ́ mú un lójú. Ní 2008, òun àti àwọn méjì mìíràn kọ ọ́ jáde bí wọ́n ṣe ń yẹ etí àwọn ọmọ ọwọ́ wò ní Èkó níbi tí ìyá ti ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ BCG, kò sì ṣòro láti rí bí ọ̀rọ̀ etí ṣe ń fà á padà sí ọ̀rọ̀ ìyeyè. Ní 2014, òun, Ogunlesi tó wà ní Ṣágámù, àti Slusher, dókítà ará Amẹ́ríkà, béèrè ní gbangba pé kí ló dé tí ibà pọ́njú ṣì fi ń pa ọmọ, tó ṣì ń sọ ọmọ di aláàbọ̀ ara ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, nígbà tó ti di ìtàn níbòmíràn. Ìdáhùn wà nínú ohun tí gbogbo wa mọ̀: a ń pẹ́ kí a tó gbé ọmọ wá, àgbo àti omi glúkóòsì la kọ́kọ́ ń fún un, bí a bá sì dé ọ̀hún, iná lè má sí, ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ lè má sí.

Ní 2015 ni èyí tó dùn mọ́ mi jù jáde. Slusher, Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí ní ilé ìgbẹ̀bí kan láàárín ìlú Èkó, ó sì jáde nínú New England Journal of Medicine ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tó ń lẹ tíńtì mọ́ gíláàsì mọ́tò, ẹ tẹ́tí! Irú ọ̀rá tí ẹ ń lẹ yẹn ni wọ́n fi ṣe òrùlé àgọ́. Ọ̀rá náà ń dí ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ àti èyí tó ń mú ooru wá, ó sì ń jẹ́ kí búlúù inú oòrùn kọjá. Ọmọ 447 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, àwọn kan sábẹ́ àgọ́ oòrùn, àwọn kan sábẹ́ iná ilé ìwòsàn. Nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ìtọ́jú, àgọ́ oòrùn ṣiṣẹ́ dáadáa ní 93, iná ilé ìwòsàn ṣe é ní 90. Ara àwọn ọmọ kan lábẹ́ àgọ́ gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí wọ́n ní láti yọ kúrò nítorí ẹ̀. Ní 2018, wọ́n tún gbé èsì ìwádìí irú rẹ̀ jáde láti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti fi àgọ́ oòrùn wé iná tó lágbára jù ti àkọ́kọ́ lọ, àgọ́ náà kò sì jọ ẹ̀yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má wá torí èyí gbé ọmọ síta gbangba o! Àgọ́ ọlọ́rá ni mo sọ, nínú ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ń wọn ara ọmọ, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oòrùn àárọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́nu ọ̀nà kò lè wo ibà pọ́njú tó le, ohun tó máa ń ṣe ni pé ó ń jẹ ọjọ́ méjì tí ìyá ò bá ti fi wà nílé ìwòsàn. Oòrùn ọ̀sán sì lè jó ọmọ. Bí ìyeyè bá ti ga jù, iná pàápàá kò tó mọ́, àfi kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Ní 2017, Olusanya àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé nǹkan kan jáde tó jẹ́ ti ẹ̀yin ìyá gan-an: pátákó pẹlẹbẹ kan tó ní àwọ̀ ìyeyè méjì, èyí tó mọ́lẹ̀ àti èyí tó ki. Ìyá á fi wé àwọ̀ ara ọmọ, á sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun dìde. Wọ́n dán an wò lọ́wọ́ àwọn ìyá ní Èkó kí wọ́n tó gbé ọmọ kúrò níbi tí wọ́n bí i sí. Ohun tó wú mi lórí ni pé wọ́n gbà pé ojú ìyá lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹ kò bá ní pátákó náà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi ìka tẹ ṣóńṣó imú ọmọ kí ẹ sì gbé e kúrò, ẹ wo funfun ojú rẹ̀, ẹ wo èrìgì rẹ̀. Ọmọ tó bá pọ́n ní ọjọ́ tí a bí i gan-an, ilé ìwòsàn ni, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ìyeyè rẹ̀ bá dé àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀, èyí tó bá kọ ọmú, tó ń sùn ṣáá, tó ń ké tíntín bí ẹyẹ, tàbí tó ń ká ẹ̀yìn bí ọrun. Ẹ má dúró de ìyá ọkọ, ẹ má dúró de ọjọ́ ìkómọ.

Mo padà sọ́dọ̀ yín, ìyá mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ ba ọmọ yẹn jẹ́? N kò lè búra, dókítà tó wò ó náà kò lè búra. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ lè má bára mu, àìsàn mìíràn lè wọlé, ọmọ lè jẹ́ èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé. Gbogbo wọn ló ń fa ibà pọ́njú. Ṣùgbọ́n káńfọ̀ yín lè wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu dídùn gba ìyẹn lọ́kàn yín. Èyí tí n kò gbà ni pé kí ọjà máa fi yín ṣe apànìyàn. Láti 1985 ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú àpótí ilé ìkàwé. Àwọn tó kọ ọ́ ṣe tiwọn. Ta ló gbé e wá sínú ọjà? Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń kọ ojú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ onílé ni mo ń tẹnu mọ́. Bí wọ́n bá ń pín ẹ̀bi, kí wọ́n já tèmi náà lé mi lọ́wọ́.

Ẹ wá obìnrin náà lọ. Ẹ mú àgbàlagbà kan dání, ẹ má mú aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ dání bí ẹni tó ń ra ẹnu rẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé kó jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò kíákíá, torí ọmọ tí kò gbọ́ràn tí wọ́n tètè mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ di ọdún mẹ́ta. Àwọn tó ń kọ́ ara bí yóò ṣe dúró wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá. Wọn kò ní dá ọpọlọ padà, ṣùgbọ́n ọmọ oṣù mẹ́jọ ṣì lè kọ́ ohun púpọ̀ bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Bí agbára yín bá gbé e, ẹ bá a san owó ọkọ̀ ìgbà àkọ́kọ́.

Ní ti aṣọ tó wà nílẹ̀, ẹ kó gbogbo káńfọ̀ jáde. Ẹ fọ àwọn aṣọ náà, ẹ sá wọn sí oòrùn àti afẹ́fẹ́ títí ẹ ó fi gbóòórùn wọn tí kò ní sí nǹkan níbẹ̀ mọ́; bó bá gba fífọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n gbẹ dáadáa, kí ẹ wá dì wọ́n sínú ọ̀rá tó dí pinpin tàbí garawa onídèrí, aáyán kò ní ríbi wọlé. Ẹ sọ fún àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ yín pé aṣọ yín kò ní káńfọ̀ mọ́, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Ẹ tún kọ̀wé sí mi kí n mọ bí obìnrin náà ṣe gbà yín. Ọ̀rọ̀ àwọn onílé di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.